Góòlù Baggio lọ́dún 1994: ṣé ẹ̀bi Peter Rufai ni?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti bàbá kan ládùúgbò wa ṣe gbólóhùn asọ̀ níbi tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù. Mo ní Vincent Enyeama ni aṣọ́lé tó dáa jù tí Nàìjíríà tíì ní. Bàbá ní irọ́ ni, ó ní Peter Rufai ni. Mo ní Rufai kẹ̀? Ṣebí òun ló jẹ́ kí Ítálì já wa kúrò nínú ife ẹ̀yẹ àgbáyé 1994, nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì péré kí eré parí. Bàbá bínú dìde, ó ní wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Òótọ́ ni, wọn ò tíì bí mi, ṣùgbọ́n mo ti wo fídíò rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ aṣọ́lé, ẹ bá wa dá sí i.

* * *

Àbúrò, èmi wà láyé nígbà yẹn, mo sì wo eré náà bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ karùn-ún oṣù keje 1994, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa. Àwọn òṣìṣẹ́ epo NUPENG ti daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú nítorí ọ̀rọ̀ June 12. Epo kò sí nílùú. Ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ tá a fi wo eré náà ní Agége ti kìlọ̀ fún wa pé epo inú rẹ̀ kò ní kọjá aago mẹ́jọ. Èèyàn bí ọgbọ̀n ló há sínú pálọ̀ kan. Mo ń sọ èyí kó o lè mọ̀ pé ó dùn mí bó ṣe dun gbogbo èèyàn. Síbẹ̀, mi ò dá Rufai lẹ́bi lọ́jọ́ náà, mi ò sì tíì dá a lẹ́bi dòní.

Jẹ́ ká tún un wò díẹ̀díẹ̀. Emmanuel Amunike ti jẹ tiwa ní ìṣẹ́jú 25. Rẹfirí lé Gianfranco Zola jáde ní ìṣẹ́jú 75, Ítálì ku ọkùnrin mẹ́wàá. Àwa pé mọ́kànlá. Ní ìṣẹ́jú 88, Roberto Mussi gba apá ọ̀tún wọn wọlé, ó bọ́ mọ́ àwọn ará ẹ̀yìn wa lọ́wọ́, ó sì rọra ti bọ́ọ̀lù sí Roberto Baggio lẹ́sẹ̀. Baggio kò dá a dúró. Ó gbá a nílẹ̀ nílẹ̀, bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn kọjá, ó rá wọ ìgun ilé. Rufai fò, ó na gbogbo ara, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.

Èmi fúnra mi ṣe gólì fún ọdún mọ́kànlá, láti ilé ìwé títí dé ìdíje ìpínlẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ẹni tí kò bá dúró láàárín òpó méjì rí kì í sábà mọ̀ ni pé bọ́ọ̀lù tó le tó ń bọ̀ lókè rọrùn ju èyí tó ń rá bọ̀ nílẹ̀ lọ. Ti òkè, ọwọ́ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wàá kàn gbé e ni. Ti ilẹ̀, gbogbo ara ní láti wó kí ọwọ́ tó débẹ̀, kò sì sí bó o ṣe lè yára wó ju bí ilẹ̀ ṣe ń fà ọ́ lọ. Tí ẹsẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin bá wá bò ọ́ lójú, o ò ní rí bọ́ọ̀lù títí tó fi máa yọ láàárín wọn. Nígbà tí Rufai rí i, ó ti pẹ́. Kó o tó dá a lẹ́bi, bi ara rẹ pé ẹni mélòó ló yẹ kó dúró níwájú Baggio ní ìṣẹ́jú 88, nígbà tá a fi ọkùnrin kan jù wọ́n lọ.

Góòlù yẹn sọ eré di 1-1, a sì wọ àfikún àsìkò. Pẹ́náritì tí wọ́n fi na wá 2-1 ní tiẹ̀, ìṣẹ́jú 102 ni, Augustine Eguavoen ló gbá Antonio Benarrivo lulẹ̀. Bọ́ọ̀lù Baggio kan inú òpó kó tó wọlé. Aṣọ́lé wo lẹ fẹ́ kó dé inú òpó?

* * *

Òǹkàwé kan láti Ṣúrùlérè ní mò ń gbè é jù. Ó ní aṣọ́lé tí wọ́n ń pè ní ńlá, ohun tí kò ṣeé gbà ló yẹ kó máa gbà, àti pé bá a bá yọ Baggio kúrò, góòlù mìíràn wà tí Rufai gbọ́dọ̀ dáhùn fún.

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Mo tiẹ̀ mọ méjì tẹ́ ẹ lè tọ́ka sí, mo sì ń retí kẹ́nì kan dárúkọ wọn láti ìṣẹ́jú tí mo ti rí ìbéèrè yìí.

Ọ̀kan ni ti Argentina, ọjọ́ karùnlélọ́gbọ̀n oṣù kẹfà — ẹ má bínú, ọjọ́ 25 ni mo fẹ́ kọ — ọdún 1994 kan náà, pápá Foxboro kan náà nítòsí Boston tí Ítálì ti padà lù wá. Samson Siasia ti jẹ tiwa ní ìṣẹ́jú kẹjọ. Maradona fi gìgísẹ̀ ti fírí kíìkì sẹ́yìn fún Batistuta, Batistuta yìn ín bí ìbọn. Rufai gbà á, ṣùgbọ́n iwájú ló dá a padà sí. Caniggia ti dúró síbẹ̀. Ìkejì ni ti Denmark ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé 1998, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ní Stade de France. Peter Møller ti jẹ ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kẹta. Ní ìṣẹ́jú kejìlá ó tún gbá fírí kíìkì tó le, Rufai fọwọ́ tì í, bọ́ọ̀lù padà sáàárín, Brian Laudrup sáré gbé e wọlé. Ọdún mẹ́rin ló wà láàárín méjèèjì, àṣìṣe kan náà ni.

Ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì síwájú báyìí, kí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ ẹni tó wà níwájú yín. Bọ́ọ̀lù tó bá bá a báyẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tó gbá a ló máa padà sí. Ẹ wá yí ọrùn ọwọ́ yín díẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ ìgun pápá níbi àsíá kọ́nà. Kò ju yíyí bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ, àmọ́ ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà láàárín kọ́nà àti góòlù. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé fírí kíìkì tó le kì í fún èèyàn láyè láti ronú. Ọwọ́ ní láti mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀.

Bí èmi ṣe kọ́ ọ nìyí. Pápá kan wà ní ọ̀nà Ìpàjà tá a ti ń ṣe ìgbáradì, yanrìn ni gbogbo rẹ̀. Gọ́tà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìsọ̀ ìyá alágbo wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo fọwọ́ ti bọ́ọ̀lù méjì sẹ́sẹ̀ àwọn ọ̀tá wa, méjèèjì wọlé. Lọ́jọ́ kejì, kóòṣì wa dúró síwájú mi pẹ̀lú bọ́ọ̀lù mẹ́ta, ó ní èyí tí n kò bá lè dì mú, gọ́tà tàbí ìsọ̀ alágbo ni kí n máa tì í sí, kò sí ibi kẹta. Láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ fi ṣú ni. Ìgò àgbo méjì fọ́ lọ́jọ́ náà, kóòṣì san owó rẹ̀, kò sì bá mi wí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọwọ́ mi ti ń yí fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, mi ò ní parọ́ fún yín pé Rufai kò ní àbùkù. Àbùkù rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìdíje 1998 kan náà, ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ní Nantes, nígbà tá a na Sípéènì 3-2. Góòlù kejì wa, Garba Lawal ló gbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́, Andoni Zubizarreta fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í wọlé ara rẹ̀. Zubizarreta yẹn wà lára àwọn aṣọ́lé tó tóbi jù tí Sípéènì ní. Ta ló wá sọ pé torí ọjọ́ kan yẹn, kò mọ iṣẹ́?

* * *

Ẹnì kan bi mí bóyá mo mọ̀ pé Rufai kò yẹ kó wà nílé rárá ní 1998, pé Ike Shorunmu ló yẹ.

Ó sún mọ́ òótọ́. Shorunmu ni aṣọ́lé àkọ́kọ́ wa lásìkò náà, ó fara pa kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Rufai ti pé ọdún 34, ó wà ní Deportivo La Coruña ní Sípéènì, Jacques Songo'o ọmọ Kamẹrúùnù ló sì ń ṣọ́lé fún wọn. Rufai sábà máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe gólì rí: ìgbáradì kò lè rọ́pò eré. Aṣọ́lé tó bá pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ṣì yá, ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣì le, àmọ́ kò ní tètè mọ ìgbà tó yẹ kó jáde sí bọ́ọ̀lù àti ìgbà tó yẹ kó dúró sílé.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í fi sínú ìṣirò. Ní oṣù kejì ọdún 1998 yẹn, Rufai gba àyè wá sílé láti Sípéènì nítorí ikú bàbá rẹ̀, ọba ìlú Ìdímù. Ọ̀rọ̀ oyè wà nílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti ìdílé ọba, ẹ mọ bí ìjókòó irú ẹ̀ ṣe máa ń rí: àwọn àgbà, àwọn ìyá, àwọn tó fẹ́ kí ọmọ wọn jẹ ẹ́, àwọn tó fẹ́ kí tìrẹ má jẹ ẹ́. Ó sọ pé òun kò ní jẹ ọba. Ó padà sídìí bọ́ọ̀lù. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ló dúró nílé Nàìjíríà ní Faransé. Nígbà tí mo bá wo góòlù Laudrup yẹn, mo máa ń rántí pé ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá rẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ó yẹ kó gba adé. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fi ogún ọdún mọ́ ìbọ̀wọ́, òun ló mọ ohun tó wù ú.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Enyeama, torí ẹni tó bèèrè tún ti kọ̀wé pé mo ń sá fún un.

Mi ò sá. Tó bá jẹ́ ti kéèyàn gba bọ́ọ̀lù kó má wọlé, Enyeama ju Rufai lọ. Mo sọ ọ́, kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ẹ wo eré Argentina ní Johannesburg, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2010. Messi gbá bọ́ọ̀lù sí i láti òsì, láti ọ̀tún, láti àárín, Enyeama ń gbà á. A fìdí rẹmi 1-0, síbẹ̀ òun ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jù lọ́jọ́ náà. Ẹ wo ọdún tó ṣe ní Lille ní 2013: ìṣẹ́jú 1,062 ni kò fi jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé nínú líìgì Faransé. Gaëtan Huard tó ní àkọsílẹ̀ ibẹ̀ ṣe 1,176. Ẹ tún fi ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà 2013 kún un, àti ife ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà (CAF Champions League) méjì tó gbà pẹ̀lú Enyimba ní 2003 àti 2004, àti ìgbà 101 tó gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Ti Rufai jẹ́ 65.

Ibi tí èmi àti àbúrò mi ti máa yà nìyí. Ní 1992 ni wọ́n yí òfin báàkì páàsì padà. Ṣáájú ìgbà náà, tí ará ẹ̀yìn rẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ le, ó lè fi ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù sí ẹ, wàá fọwọ́ gbé e, wàá mí, gbogbo ilé á tòrò. Láti 1992, ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́. Ọmọ ọdún 20 tí wọ́n bá fi òfin tuntun kọ́, ó mọ́ ọn lára. Rufai ti pé ọdún 28, ó ti fi ọdún méjìlá ṣe iṣẹ́ náà ní ọ̀nà kan, wọ́n wá ní kó tún un kọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn òfin yẹn ló gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunisia, tó tún di balógun ikọ̀ wa ní pápá nígbà tá a na Bulgaria 3-0 ní Dallas. Àwọn aṣọ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀ púpọ̀ ni òfin náà rẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo àgbáyé. Enyeama ò jẹ irú ìyà yẹn rí.

Bọ́ọ̀lù òkè náà ńkọ́? Kọ́nà, kírọ́ọ̀sì, ibi tí èèyàn mẹ́wàá ti ń fò pọ̀: Rufai ni màá mú. Ó máa ń jáde wá gbé e bí ẹni ń ká ọsàn lórí igi. Enyeama kò ga tó o, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, orí ìlà ló máa ń sábà dúró sí.

Bí mo bá ní eré kan ṣoṣo láti gbá lọ́la, mo máa mú Enyeama. Bí mo bá fẹ́ fi ọ̀nà tí ẹnì kan gbà rin ìrìn-àjò iṣẹ́ aṣọ́lé han ọmọ, Rufai ni màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un.

* * *

Ará Ìbàdàn kan ti ń pariwo pé ta ló gbàgbé Best Ogedegbe.

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ Shooting Stars. Òun ló wà nílé nígbà tá a na Algeria 3-0 gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ wa ní 1980, ní Ṣúrùlérè níbí. Èmi ò rí i gbá bọ́ọ̀lù tó láti fi í wé ẹnikẹ́ni. Emmanuel Okala ti Rangers náà, ohun tí bàbá mi sọ fún mi nípa gíga rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó rí wọn sọ ọ́.

* * *

Ìbéèrè tó wá lẹ́yìn èyí wù mí gan-an. Arábìnrin kan kọ ọ́ pé: ọmọ Èkó kan ṣe dé Yúróòpù ní ọdún 1987 láti ṣọ́lé, nígbà tó jẹ́ pé atamátàsé nìkan ni òyìnbó máa ń wá kó ní Áfíríkà?

Ìyá, ibi tó yẹ kí gbogbo ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Stationery Stores ni Rufai ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ tí Israel Adebajo dá sílẹ̀, tí Èkó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní Adebajo Babes. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dé Oníkan rí lọ́jọ́ tí Stores bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ mọ ariwo ibẹ̀. Ó pé ọmọ ogún ọdún nígbà tó ṣọ́lé fún Nàìjíríà ní ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà 1984 ní Côte d'Ivoire. A dé àṣekágbá, Kamẹrúùnù nà wá 3-1 ní Abidjan.

Ẹni tó ti dé àṣekágbá ilẹ̀ Áfíríkà, níbo ló lọ lẹ́yìn náà? Èrúwà. Femo Scorpions ti Èrúwà, ní Ìbàràpá, ibi tí ẹ̀yin míì mọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀lùbọ́. Lẹ́yìn Èrúwà, ó sọdá ẹnu ibodè lọ sí Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ó bá Dragons de l'Ouémé gbá bọ́ọ̀lù. Láti Àjàṣẹ́ ló ti dé Lokeren ní Bẹ́líjíọ̀mù ní 1987. Lẹ́yìn Lokeren, Beveren. Lẹ́yìn Beveren, Go Ahead Eagles ní Netherlands. Lẹ́yìn ìyẹn, Farense ní ìlú Faro ní Pọtogí, ẹgbẹ́ kékeré tó bá wọn dé ipò karùn-ún ní ọdún àkọ́kọ́ tó débẹ̀, tí wọ́n sì fi wọ ìdíje UEFA Cup fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Hércules, Deportivo, Gil Vicente ló kẹ́yìn.

Ẹ wo orúkọ wọ̀nyẹn dáadáa. Kò sí ẹgbẹ́ ńlá níbẹ̀ àyàfi Deportivo, bẹ́ńṣì ló sì jókòó sí níbẹ̀. Nígbà yẹn, tí òyìnbó bá fẹ́ ra ọmọ Áfíríkà, ẹni tó lè sáré ló ń wá. Wọn kì í fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé e lọ́wọ́. Rufai gba kọ́kọ́rọ́ náà ní ìlú kékeré, ó tún gbà á ní òmíràn, fún ọdún mẹ́tàlá. Ohun tó jẹ́ kó wú mi lórí jù ni pé nígbà tó wà lọ́hùn-ún, ilé pàápàá pa á tì. Alloysius Agu ló ṣọ́lé fún wa ní ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà 1990 àti 1992. Ẹlòmíràn ìbá ti gbàgbé aṣọ àwọ̀ ewé. Òun dúró. Láti àṣekágbá Abidjan ní oṣù kẹta 1984 dé ti Tunis ní oṣù kẹrin 1994, nígbà tí Amunike jẹ méjì tá a fi na Zambia 2-1, ọdún mẹ́wàá ni. Mo ń bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ pé kẹ́ ẹ ka ọdún mẹ́wàá yẹn kẹ́ ẹ tó ka ìṣẹ́jú 88.

Nǹkan kan tún ni o: ní 1993, nígbà tá a na Ethiopia 6-0, Rufai náà gbá pẹ́náritì wọlé. Enyeama kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

* * *

"Gbogbo èyí dáa, ṣé owó wà níbẹ̀? Ọmọ mi fẹ́ ṣe gólì, bàbá rẹ̀ ní kò sí ohun tó wà nídìí ẹ̀." Bí ìyá kan ṣe kọ ọ́ nìyí, àwọn mẹ́rin ti dá a lóhùn pé kó yí ọmọ náà padà sí atamátàsé.

Mi ò ní yí ọmọ ẹnikẹ́ni padà. Ṣùgbọ́n mo máa sọ ohun tí ojú mi rí. Ìka ọwọ́ òsì mi tó kéré jù, kò nà mọ́. Nínú eré ìdíje ìpínlẹ̀ ló ti kán. Ẹgbẹ́ tí mò ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà náà kò san owó dókítà, wọ́n sì jẹ mí ní owó oṣù mẹ́rin tí mi ò rí gbà dòní. Ìwé àdéhùn kankan kò sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu sì ni mo fi lọ.

Ẹ ó ní ìyẹn jẹ́ tìrẹ torí o ò dé òkè. Ẹ wá wo Wilfred Agbonavbare, ọ̀kan lára àwọn aṣọ́lé wa ní Amẹ́ríkà 1994. Ó ṣọ́lé fún Rayo Vallecano ní Madrid fún ọdún mẹ́fà, àwọn ará Vallecas fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ wọn. Àrùn jẹjẹrẹ mú ìyàwó rẹ̀, owó tó ní bá ìtọ́jú lọ. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tán, ó ń bá wọn gbé ẹrù ní pápá ọkọ̀ òfurufú Madrid. Ní oṣù kìíní 2015, jẹjẹrẹ pa òun náà, ọdún 48 péré. Rayo fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹnu ọ̀nà kan ní pápá wọn. Mo ti rí àwòrán rẹ̀. Ó yẹ wọ́n, wọ́n ṣe dáadáa. Ẹnu ọ̀nà kan nílé wa kò jẹ́ orúkọ rẹ̀ tí mo mọ̀.

Rufai ní tiẹ̀ dúró díẹ̀ ní Sípéènì, ó dá ilé ẹ̀kọ́ aṣọ́lé sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2003, kó tó padà wálé wá máa kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù. Ó jáde láyé ní ọjọ́ kẹta oṣù keje 2025, lẹ́ni ọdún 61. Ó ku ọjọ́ méjì kí eré Ítálì yẹn pé ọdún 31. Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà jáde, mo lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ka ohun tí àwọn èèyàn ń sọ. Láàárín àwọn tó ń dárò rẹ̀, àwọn kan ṣì ń kọ ọ́ pé "Baggio". Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mi fi gùn lórí ìbéèrè yìí. Òkú kò lè dáhùn.

Fún ìyá ọmọ náà: jẹ́ kó ṣe é. Kó máa lọ sílé ìwé. Kó má lọ sí eré kankan tí wọ́n bá pè é fún láìní ìwé àdéhùn lọ́wọ́, kó sì ka ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìfarapa sí, kó tó fọwọ́ sí i.

* * *

Ẹni tó bèèrè ti padà. Ó ní òun ra máltì méjì lọ bá bàbá náà, ó ní òun ti wá gbà pé góòlù Baggio kì í ṣe ẹ̀bi Rufai, ṣùgbọ́n pé Enyeama ṣì ni tòun. Bàbá mu máltì rẹ̀, ó ní òun wà ní Oníkan lọ́jọ́ kan tí Rufai, ọmọdé nígbà náà, jáde kúrò nílé wá fi ẹ̀ṣẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá, àwọn ọmọ títì sì gbé bọ́ọ̀lù náà sá lọ. Ó ní kò sí fídíò ìyẹn.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa bá a lọ, ẹ̀yin méjèèjì.

* * *

Èyí tó kẹ́yìn, torí ìyá ọmọ náà tún bèèrè: irú ìbọ̀wọ́ wo ni kó rà?

Má ra èyí tó wọ́n. Ọmọ ọdún méjìlá, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: tó bá rọ̀ bí tìmùtìmù, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀, ó dáa. Kó fi omi díẹ̀ tutù ú kó tó bọ́ sí pápá, gbígbẹ ni í máa ń yọ̀. Lẹ́yìn eré, kó fi omi lásán fọ̀ ọ́, kó sá a síbi tí òòrùn kò dé, torí òòrùn á mú kó le, á sì máa fọ́. Kó má sì gbàgbé ọrùn ọwọ́. Kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ju bọ́ọ̀lù sí i, ogójì lọ́jọ́ kan, kó máa tì í sí apá kan, kí ó má dá ọ̀kan padà síwájú. Tẹ́ ẹ bá ní ìgò nítòsí, ẹ kó o kúrò.